Àyè Orúkọ Nínú Ìwé Bàbá Ògiri

Ẹ̀yìn ni Bàbá Àgbà ti máa ń ka ìwé ìròyìn. Bí wọ́n bá rí èyí tí èrò kan gbàgbé sórí àga ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á yí i dà, wọ́n á wá ibi tí wọ́n ti ń kéde òkú, wọ́n á sì máa fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Wọn ò gbọ́ èdè Ítálì púpọ̀. Orúkọ àti ọjọ́ orí ni wọ́n ń kà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó ṣí iwájú, níbi tí àwọn olóṣèlú ti ń fi eyín han ara wọn. Ìyá mi bi wọ́n nígbà kan pé kí ni wọ́n ń wá láàárín òkú tí wọn ò mọ̀ rí. Wọ́n ní, "Mò ń wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ wọn dáadáa. Ohun ìkẹyìn tí ìwé ìròyìn lè ṣe fún èèyàn nìyẹn."

Bàbá tó bí ìyá mi ni wọ́n. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n, ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé kan ní Èkó ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà òjé. Wọ́n bá ọkọ̀ òkun lọ nígbà tí ìyá mi ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí erékùṣù kan ní Kàríbíánì, níbi tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ti gbà wọ́n. Ìtò lẹ́tà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n di akọ̀ròyìn. Mi ò ní dárúkọ erékùṣù náà. Àwọn ọmọ ẹnì kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi tún dé ẹnu ọ̀nà wọn. Nígbà tí Bàbá padà délé, ìyá mi ti wọ ilé ìwé girama.

Ọjọ́ ogbó ni wọ́n tó wá bá wa ní Padova, lẹ́yìn tí ìyá àgbà kú, tí kò sí ẹni tí yóò máa bu oúnjẹ fún wọn nílé mọ́. Ìyá mi ti ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin nígbà náà. Gàrí, èlùbọ́, epo pupa, pánlá, káàdì ìpè, gbogbo rẹ̀ ló ń tà. Èmi ń bá a dúró sí ṣọ́ọ̀bù nígbà òtútù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, mo máa ń lọ sí ìhà Saluzzo, níbi tí wọ́n ti ń ká èso, láti to èso pesca sínú àpótí. Èmi àti ọmọ mi Àmínà, ìyá mi, àti Bàbá: àwa tó wà nínú ilé náà nìyẹn.

Bí Bàbá bá ń sọ̀rọ̀ erékùṣù yẹn, ohùn wọn á fúyẹ́. Wọ́n á sọ bí àwọn obìnrin ṣe ń ru ìwé ìròyìn pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú agbọ̀n kan ṣoṣo, tí wọ́n á máa polówó méjèèjì pa pọ̀. Wọ́n á sọ bí onígbàjámọ̀ ṣe ń kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé, tó sì ń fi tirẹ̀ kún un, àti bí ìwé náà ṣe máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ìjì bá dí ọkọ̀ tó ń kó bébà bọ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù láti sọ ni bí ìlú náà ṣe kéré tó. Mínísítà tí o kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lówùúrọ̀, ẹ ó jọ dúró níbi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì lọ́sàn-án. Olówó tí o tú àṣírí rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ onílé rẹ níwèé. Wọ́n ní, "Ní ìlú ńlá, ẹ̀yìn èèyàn ni akọ̀ròyìn ti ń kọ̀wé. Ní erékùṣù, ojú wọn ló ń kọ ọ́ sí."

Nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ mú wọn lọ sí Ferrara, sí àdúgbò Grattacielo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, wọ́n dúró lójú títì, wọ́n ń wò. Ṣọ́ọ̀bù onírun wa rèé, ibi tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ sílé rèé, ibi tí wọ́n ti ń ta ata rèé. Obìnrin onírun kan jáde wá kí wa. Ó kí Bàbá káàbọ̀, ó sì bèèrè bóyá ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n láàárọ̀ ti rọlẹ̀. A ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà fún ẹnì kankan. Padova la ti wá, wákàtí tí a sì lò lójú ọ̀nà kò pọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú wọn. Wọ́n ní, "Erékùṣù lẹ̀yin náà ń gbé. Omi tó yí yín ká ni kò kàn hàn."

Ibẹ̀ ni Ìwé Ògiri ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n á jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fi rúlà fa ìlà sórí bébà fẹ̀ǹtẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ kún un ní lẹ́tà tó dọ́gba bí eyín àgbàdo. Ta ló bímọ, ta ló ṣaláìsí, fèrèsé wo ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní permesso báyìí ní Questura àwọn ọlọ́pàá, ilé iṣẹ́ awọ wo nítòsí Vicenza ló ń wá òṣìṣẹ́. Àmínà á gbé e lọ sí copisteria láti dà á kọ. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá á gbé gọ́ọ̀mù àti búrọ́ọ̀ṣì sínú àpò, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa, Padova, Vicenza, Ferrara, títí dé Torino. Bí wọ́n ṣe di Bàbá Ògiri nìyẹn.

Lábẹ́ ìròyìn kọ̀ọ̀kan, ìlà kan wà tí kò gbọdọ̀ ṣófo: *Ta ló rí i?* Níbẹ̀ ni orúkọ ẹni tó mú ìròyìn wá máa ń wà, àti ìlú tó ń gbé. Òfin yìí, láti erékùṣù ni wọ́n ti gbé e wá. Olóòtú wọn níbẹ̀ gbà pé níbi tí gbogbo èèyàn ti mọ ara wọn, "wọ́n ní, wọ́n ní" ló ń ba ilé jẹ́, nítorí náà ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ nípa ọmọnìkejì rẹ̀, kó fi orúkọ sí i.

Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ awọ lẹ́bàá Vicenza wá bá wọn pé àwọn òyìnbó ti fi òun ṣe ọ̀gá gbogbo ẹ̀ka òun. Ó ní kí Bàbá kọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà.

"Ta ló rí i?" ni Bàbá bi í.

"Bàbá, ṣebí èmi náà ni mò ń sọ fún yín yìí."

"Mo gbọ́ ọ. Ta ló tún rí i?"

"Àwọn òyìnbó ni."

"Mú ọ̀kan wá nínú wọn, Àmínà á bá mi bi í ní èdè wọn."

"Háà, Bàbá, ẹ mà le o!"

Nígbà tí ìwé jáde, ìròyìn rẹ̀ wà níbẹ̀ gàdàgbà bó ṣe fẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ sí: *Ta ló rí i? Òun nìkan.* Títí dòní, Òun-Nìkan ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń bú u. Ó fi ìbínú wọ ṣọ́ọ̀bù wá. Bàbá fún un ní àga, wọ́n fún un ní omi, wọ́n sì ní, "Má bínú, ọmọ mi. Ìròyìn tí kò ní ojú tó rí i, àhesọ ni, ìbáà dùn ju oyin lọ."

Orí Ìwé Ògiri yìí náà ni Bàbá àti ìyá mi ti máa ń jà. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti parí, ìyá mi á já ìwé lára ògiri, á fi wé pánlá fún oníbàárà.

"Rálíátù, orúkọ ọmọ tuntun wà nínú ìyẹn!"

"Bàbá, ọmọ náà ti tètè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pánlá nìyẹn. Ẹ bá a yọ̀."

Wọn ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àfi ìgbà tí a jókòó ti oúnjẹ alẹ́, ni wọ́n déédéé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ní erékùṣù náà, ẹja ló ń ka iṣẹ́ mi jù. Kò sì sí èyí tó kọ lẹ́tà sí olóòtú rí pé irọ́ ni mo pa."

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í sọ níwájú àlejò. Èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún, lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà.

Ní erékùṣù náà, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké máa ń kó ìrèké wọn lọ sórí òṣùwọ̀n ilé iṣẹ́ ṣúgà. Ọkùnrin tó ń wọn ìrèké wá bá Bàbá pé wọ́n ti ba òṣùwọ̀n jẹ́, pé kì í sọ bí ẹrù tálákà ṣe tó. Bàbá kọ ọ́. Olóòtú ní ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n orúkọ dà? Bàbá padà tọ ọkùnrin náà lọ. Ó ronú, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ọ́. Bàbá fi ọwọ́ ara wọn to orúkọ rẹ̀ àti abúlé rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí iná fi jó ilé ọkùnrin náà, òun náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò jẹ́jọ́ rẹ̀.

"Bí a bá tẹ ìwé tán," ni Bàbá wí, "a máa ń tú lẹ́tà òjé palẹ̀, a ó dá wọn padà sínú àpótí. Àwọn lẹ́tà tí mo fi to orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn náà ni ọwọ́ mi tún bà nígbà tí mo ń to ìkéde òkú rẹ̀."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹ kọ ọ́."

Wọ́n ṣa òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Òun mọ bí ìrèké ṣe wúwo. Èmi ló yẹ kí n mọ bí orúkọ ṣe wúwo tó."

Ó di ọdún kan tí ààwẹ̀ Rámádánì bọ́ sáàárín ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn ò fẹ́ wọ̀. Torino ni mo ń gbé lásìkò iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Ọkọ̀ furgone ló máa ń kó wa lọ sí oko èso, á sì kó wa padà. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa kan ló ni àwọn ọkọ̀ náà. Kápò la ń pè é, bí àwọn Ítálì ṣe ń pe ọ̀gá. Òun ló ń bá àwọn olóko sọ̀rọ̀, òun ló ń sọ ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ àti ẹni tí kò ní ṣe é, ìwé iṣẹ́ tí mo fi ń gba permesso sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ wa ni Lásísì, ọmọ Ìṣẹ́yìn, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Mọ́ríámọ̀ jọ ń gbé ní Torino. Nítorí pé èmi nìkan ni obìnrin, tí mo sì dàgbà díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lásísì ni wọ́n máa ń fi mí sí.

Ohun tí mo rí nìkan ni mo máa kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Lásísì ti kó àwọn kan lọ, ó ti padà wá kó wa. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó sọ fún mi pé tíì àti búrẹ́dì ni Mọ́ríámọ̀ fún òun jẹ ní sààrì, pé òun ò sì tíì sùn láti àná. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń hanrun. Kápò wá síbi fèrèsé ọkọ̀.

"Ọ̀gá, ojú mi ń pa dé," ni Lásísì wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sùn díẹ̀ kí n tó gbéra."

"Ṣé ààwẹ̀ lò ń gbà ni, àbí oorun?"

"Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín."

"Bí o kò bá lè wà á, gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi."

Lásísì wò mí. Ó wo àwọn tó ń sùn lẹ́yìn. Ó tan ọkọ̀. Nígbà tí a ti wọ àárín àwọn oko èso, orí rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú. Mo pè é, ó ní, "Mo wà níbẹ̀, Àǹtí." Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, mo pè é, kò dáhùn. Odò tí wọ́n fi ń bomi rin oko wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Lásísì kú. Àwọn kan kú nínú àwọn tó wà lẹ́yìn. Àwọn tó yè kò mọ ohun tí Kápò sọ, nítorí wọ́n ti sùn. Kí àwọn ọlọ́pàá Carabinieri tó dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ní ilé ìwòsàn, ẹnì kan ti gbé ọsàn wá. "Ọ̀gá ní ẹ kú ewu. Wọ́n ní ṣebí ẹ sùn ni, Àǹtí? Ẹ má ro àròjù." Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní mo sùn.

Kí n tó padà dé Padova, ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀. Kápò ti sọ fáyé pé Lásísì mutí, pé wọ́n bá ìgò nínú ọkọ̀. Nínú oṣù Rámádánì! Àwọn tí èèyàn wọn kú ń gbé Lásísì ṣépè. Ní Torino, wọn ò jẹ́ kí Mọ́ríámọ̀ dúró sí sàfù àwọn obìnrin ní mọ́sáláṣí mọ́; bó bá ti tò síbẹ̀, wọ́n á fà sẹ́yìn. Ìyàwó ọ̀mùtí ni wọ́n ń pè é. Kápò fúnra rẹ̀ lọ bá a kẹ́dùn, ó sì sọ fún àwọn èèyàn pé òun ti dárí ji òkú náà.

Àmínà ka ìwé ìròyìn Ítálì kan fún Bàbá, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Irú ọkọ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ odò wà níbẹ̀. Bàbá ní orúkọ awakọ̀ ńkọ́? Àmínà tún un wò. "C'è scritto solo 'un africano'," ló wí. Ọmọ Áfíríkà kan, ó tán. Bàbá ká ìwé náà, wọ́n fi í sábẹ́ àga. "Wọ́n mọ orúkọ odò," ni wọ́n wí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé mo ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu. Wọn ò mú bírò. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé o fẹ́ kí n kọ orúkọ rẹ?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dákun."

"Ó tán."

Wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n pa ojú dé. Mo rò pé wọ́n ti sùn. Nígbà náà ni mo gbọ́ tí wọ́n sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Ṣùgbọ́n òkú ò lè kọ lẹ́tà sí olóòtú."

Nígbà tó di Jímọ̀, wọ́n kọ ọ́ sójú ìwé gan-an. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo àwọn tó kú, orúkọ bàbá wọn, ìlú wọn. Lẹ́yìn náà: *Lásísì kò mutí. Ààwẹ̀ ló ń gbà. Ó bẹ̀bẹ̀ kó sùn, wọn ò jẹ́ kó sùn.* Wọ́n wá kọ *Ta ló rí i?*, wọ́n sì fi ìlà náà sílẹ̀ lófìfo. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú Ìwé Ògiri. Lábẹ́ àyè òfìfo náà ni wọ́n kọ: *Ẹni tó rí i wà. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń wá a, kó wá bá èmi.* Wọ́n kọ orúkọ wọn ní kíkún, àti òpópónà ṣọ́ọ̀bù wa, àti nọ́ńbà ilẹ̀kùn.

Obìnrin onírun ní Ferrara kà á tán, ó fa Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá mi, ẹ má bínú. Ògiri mi ò lágbára tó èyí." Síbẹ̀ ó jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́.

Kápò wá fúnra rẹ̀. Mò ń wọn gàrí fún oníbàárà nígbà tó wọlé. Ó tẹríba, ó fi ìka kan ilẹ̀.

"Ẹ káàsán o, Bàbá wa."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé èlùbọ́ lo fẹ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ ni mo bá wá. Ẹ kò sí nínú ọkọ̀, Bàbá. Ta ló sọ fún yín?"

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó rí i."

"Àyè rẹ̀ ṣófo."

"O mọ̀wé kà, mo yọ̀ fún ọ."

Oníbàárà gbé gàrí rẹ̀, ó jáde láì gba ṣéńjì. Kápò yíjú sí mi. "Ìyá Àmínà, ẹ̀yin náà wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ sùn?"

 Agolo tí mo fi ń wọn gàrí ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, gàrí ń dà sórí káńtà.

"Wo ọwọ́ rẹ̀," ni Bàbá wí. "Bó ṣe ń gbọ̀n nìyẹn láti ìgbà tí ọkọ̀ rẹ ti gbé e sódò. O ò tíì bèèrè àlàáfíà rẹ̀ rí. Èmi ni kí o bá sọ̀rọ̀. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ ìwé."

Kápò rẹ́rìn-ín, ó wo ṣọ́ọ̀bù yí ká. "Bàbá, ilé iṣẹ́ ìròyìn yín dà? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín dà? Bébà àti gọ́ọ̀mù ni gbogbo rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Bàbá wí. "Kí ló wá gbé ọ láti Torino wá bá bébà àti gọ́ọ̀mù?"

Lẹ́yìn ìbẹ̀wò yẹn, ẹnì kan fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n ń fa Ìwé Ògiri ya níbikíbi tí ó bá wà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n kọ̀: ẹnì kan ní òun fẹ́ kun ògiri, ẹnì kan ní onílé òun ò fẹ́. Òun-Nìkan nìkan ló ní kí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé òun. Bàbá ò yéé kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, ìròyìn tuntun á yí i ká, ṣùgbọ́n ti Lásísì á wà láàárín, pẹ̀lú àyè òfìfo kan náà, pẹ̀lú orúkọ wọn lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un kó tó mọ̀ pé èmi ni mo rí i. Ó kúnlẹ̀ fún Bàbá nínú ilé ìdáná. "Bàbá, ẹ dákẹ́ nítorí Ọlọ́run. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní ni."

"Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń pariwo, Rálíátù," ni wọ́n wí. "Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó sọ ọ́. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń pariwo, èmi ni wọ́n á máa wò."

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ferrara ni wọ́n ti ṣubú, lórí àtẹ̀gùn sottopasso, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó gba abẹ́ ojú irin kọjá. Gọ́ọ̀mù dà sí wọn láṣọ, bébà fọ́n ká. Àwọn kan ní ẹsẹ̀ wọn ló yọ̀, pé àgbà ni wọ́n, òjò sì rọ̀. Àwọn kan ní àwọn ọkùnrin kan sáré gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Bàbá fúnra wọn ní àwọn ò rí ẹnì kankan lẹ́yìn àwọn. Èmi náà ò sí níbẹ̀. Mi ò rí i, nítorí náà mi ò ní kọ ọ́.

Egungun ìbàdí wọn ló ṣẹ́. Wọn ò dìde mọ́. Ní ilé ìwòsàn, dígí ojú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè, kí wọ́n lè ka orúkọ tí nọ́ọ̀sì fi kọ́ àyà. Mo jókòó tì wọ́n. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, wọ́n fi ọwọ́ dá mi dúró. Ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, àyè yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mi ò ní kí o dí i o. Mo kàn ní ó wà níbẹ̀." Wọn ò tún sọ ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ títí tí Ọlọ́run fi gbà wọ́n.

A sin wọ́n sí apá àwọn Mùsùlùmí ní ìtẹ́ òkú Padova. Àwọn èèyàn wá ju bí mo ṣe rò lọ, àwọn tó fi ògiri wọn dù wọ́n náà wá. Òun-Nìkan ń sunkún bí ọmọdé, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé Bàbá ló sọ òun lórúkọ. Mọ́ríámọ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Torino. Ó dúró lẹ́bàá géètì, ó jìnnà sí àwọn obìnrin yòókù, kò sì sí ẹni tó sún fún un.

Mi ò rántí bí mo ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn obìnrin náà yíjú wò mí. Mo dì í mú ní ọwọ́.

"Ó ń gbààwẹ̀," mo wí. "Kò mutí. Ó bẹ̀bẹ̀ kó sùn, wọn ò jẹ́."

Mo rò pé yóò bú sẹ́kún. 

"Mo mọ̀, Àǹtí," ló wí. "Èmi ni mo po tíì fún un. Mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Kápò ṣì ní àwọn ọkọ̀ rẹ̀. Mo rí ọ̀kan lójú títì lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì yà sínú ṣọ́ọ̀bù kan títí ó fi kọjá. Mo ti tilẹ̀kùn kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, mo sì ti dìde lọ wò ó bóyá ó tì dáadáa. Ìyá mi wà nínú ilé ìdáná. Ó mọ ohun tí mò ń kọ, kò sì ní kí n dákẹ́. Rúlà Bàbá ló gbé wá fún mi.

Mi ò lè kọ lẹ́tà tó dọ́gba bíi tiwọn. Ìlà mi wọ́. Ṣùgbọ́n Àmínà á gbé e lọ sí copisteria lọ́la, obìnrin onírun ní Ferrara sì ti sọ pé kí n mú tòun wá. Ohun tó wà láàárín rẹ̀ nìyí, bí Bàbá ṣe kọ ọ́, mi ò yí i padà:

Lásísì kò mutí. Ààwẹ̀ ló ń gbà. Ó bẹ̀bẹ̀ kó sùn, wọn ò jẹ́ kó sùn.

Ta ló rí i?

Sìkírátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Rálíátù, ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, Padova. Iwájú ni mo jókòó.